W Ni Wọ́n Fi Ń Kéde Ogun: Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú èyí tá a gbé jáde kọjá ni mo ti fẹnu bà á pé nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀wé ní Broad Street, gẹ́ẹ̀mù bàálù orí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán ṣe. Gbólóhùn kan péré ni o, mi ò mọ̀ pé iná ni mo sọ sínú koríko gbígbẹ. Ṣe ni lẹ́tà ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, àwọn kan kọ ọ́ sórí WhatsApp, àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́, bàbá kan tiẹ̀ kọ tiẹ̀ sórí ìwé ó ní kí ọmọ ẹ̀ gbé e wá sí ọ́fíìsì wa. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń bèèrè, ṣé lóòótọ́ ni ogun wà nínú gẹ́ẹ̀mù ìfò ìgbà yẹn, àti pé kí làwọn nǹkan tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Láàárín 1991 sí 1993, kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì wa ní Marina tó ní gẹ́ẹ̀mù bàálù. Bàálù kékeré kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, àwọn ilé gogoro á wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa sọ pé òun lè jagun nínú ẹ̀, a ní irọ́ ni. Ó tẹ nǹkan kan, ilé gogoro pòórá, ibi tá ò mọ̀ rí ló yọ. Kó tó fi hàn wá tán ni NEPA mú iná. Ó parí ìsìnlú ẹ̀, ó lọ, a ò sì rí ogun yẹn mọ́ títí dòní. Ṣé ojú wa ló ń ṣe wá ni? (Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Sùúrùlérè)

Èsì: Ojú yín kọ́, bàbá. Àgùnbánirọ̀ yẹn ò parọ́ rárá, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀.

Omi tẹ́ ẹ rí yẹn, adágún Michigan ni, Chicago ni ìlú tó ní ilé gogoro, pápá kékeré tí bàálù yín dúró sí sì ń jẹ́ Meigs Field. Ibẹ̀ ni Microsoft Flight Simulator ti máa ń gbéra láti 1982 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún kọ̀ǹpútà IBM. Cessna 182 ni bàálù inú ẹ̀ nígbà náà, ìlú tẹ́ ẹ sì lè fò dé ò pọ̀, Chicago, Seattle, Los Angeles, àti apá New York lọ sí Boston, ó tán. Pápá Meigs gidi ti di ìtàn báyìí o. Lóru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹta 2003 ni olórí ìlú Chicago, Richard Daley, rán katapílà lọ gbẹ́ àmì X ńláńlá sójú ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti bàjẹ́. Èmi tí mi ò dé Amẹ́ríkà rí, lọ́jọ́ tí mo gbọ́, ó ṣe mí bíi pé ilé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n wó.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ogun. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tẹ́ ẹ bá tẹ Esc, bàálù á dúró gbagidi, ojú ewé kan tó kún fún nọ́ńbà á yọ, editor ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé gẹ́ẹ̀mù ti bàjẹ́ ni, á sáré paná. Níbẹ̀ lẹ ti máa yí afẹ́fẹ́, kùrukùru, aago àti àsìkò ọdún padà, kódà nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ reliability, tẹ́ ẹ bá fà á wálẹ̀, ara bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú òfúrufú bíi dánfó tí mẹkáníìkì ò tíì fojú kàn láti ọdún tó kọjá. Ojú ewé yẹn náà lẹ ti máa yan Europe 1917. Tẹ́ ẹ bá fi máa jáde, Chicago ti lọ, Ogun Àgbáyé Kìíní lẹ bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ lè fò kọjá sí ilẹ̀ ọ̀tá kẹ́ ẹ yí gbogbo ẹ̀ po, ẹnikẹ́ni ò ní dá yín lóhùn, torí ẹ ò tíì kéde ogun. Lẹ́tà W ni wọ́n fi ń kéde ẹ̀. W, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn làwọn ọ̀tá á tó gbéra sí yín, bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù ni ìbọn, X ni bọ́ǹbù, R á sì mú ìròyìn ogun wá fún yín.

Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. 1992 ni. Tiwa, ti 1984 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní version 2, irú èyí tí kì í gba DOS, ìyẹn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ṣiṣẹ́, ẹ máa ki dísìkì bọ ihò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, òun fúnra ẹ̀ á jí i dìde. Mo ti rí Europe 1917 nípa pé mò ń tẹ gbogbo nǹkan tó ṣeé tẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sì fi ń fò kiri lórí ilẹ̀ ọ̀tá bí ẹni tó ń ṣe fàájì, mo rò pé wọ́n kàn ṣe é kéèyàn máa wo òkè ni. Lọ́jọ́ kan, àǹtí kan tó jẹ́ táípíìsì wa wá bi mí bóyá mo rí pépà kábọ́ọ̀nù òun, ó gbé fáìlì owó oṣù gbogbo ọ́fíìsì lé eteetí tábìlì, fáìlì yọ̀, igun ẹ̀ balẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ kò jìnnà, mo rí àmì kékeré kan lójú ọ̀run, ó ń tóbi sí i, kí n tó mọ̀, ìbọn ti ń bá mi. Àǹtí ní, "Kí lo ṣe?" Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe é o!" Owó oṣù ló kéde ogun lọ́jọ́ yẹn. A ń wá lẹ́tà tí fáìlì tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, A, S, Q, a dé W ni ọ̀gá wọlé, bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ̀mù tí kò sí DOS lábẹ́ ẹ̀ ò ṣeé pa dé wẹ́rẹ́, mo fẹsẹ̀ yọ wáyà lára ògiri, mo ní NEPA ti mú un. Fáànù orí wa ṣì ń yí.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún yín ni pé wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Gbogbo ẹ̀, W, X, R, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé tó bá páálí gẹ́ẹ̀mù náà jáde. Àwa ni ìwé ò dé ọ̀dọ̀ wa! Dísìkì nìkan ló ń wọ Èkó, ẹnì kan ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó bá gẹ́ẹ̀mù nínú ẹ̀, ó dà á fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ dà á fún ọmọ bàbá ẹ̀, nígbà tó máa dé Broad Street kò tiẹ̀ sẹ́ni tó rántí pé ó ní ìwé rí. Ohun tí òyìnbó kà lójú ewé kan, àwa sọ ọ́ di awo.

Ìbéèrè: Bàbá Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹni tó ń ṣe gẹ́ẹ̀mù ẹ̀kọ́ ìfò ń wá nídìí ogun? Ó dà bíi kéèyàn ki ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bọ inú ìwé ìṣirò. (Ọmọ Yábàá)

Èsì: Àfiwé ẹ dùn, àmọ́ o gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹṣin. Ogun ti wà níbẹ̀ kí Cessna tó dé.

Bruce Artwick lorúkọ ẹni tó ṣe é. Yunifásítì Illinois ló ti kàwé, láàárín àwọn ọdún 1970 ló fi iṣẹ́ àṣejáde ẹ̀ hàn pé kọ̀ǹpútà kékeré lè ya ohun tí awakọ̀ òfúrufú ń rí, kó sì máa yí i padà bó ṣe ń fò. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀, subLOGIC, gbé àkọ́kọ́ jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní 1979, kọ̀ǹpútà TRS-80 tẹ̀ lé e. Ìlà lásán ni wọ́n fi ya ayé inú ẹ̀, ilẹ̀ onígun mẹ́rin 36 tí wọ́n tò ní mẹ́fà-mẹ́fà, òkè sì wà níbẹ̀. Ìyẹn náà ti ní ogun tiẹ̀, British Ace ni wọ́n pè é, o máa lọ ju bọ́ǹbù sí ibi tí ọ̀tá kó epo sí, bàálù ọ̀tá á máa lé ẹ bọ̀. Rò ó wò ná, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan orí kọ̀ǹpútà ní 1979, tó o bá fún un ní ìlà funfun lórí ilẹ̀ dúdú kó máa wò, ọjọ́ mélòó ló máa wò ó? Ogun ló mú kí ìlà yẹn nítumọ̀.

Bàálù ogun inú ẹ̀ ni wọ́n mú láti ara Sopwith Camel, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1917. Ràkúnmí ni camel, torí páànù tó yọ kókó bo ẹ̀yìn ìbọn méjèèjì tó wà níwájú awakọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti gidi yẹn, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lódindi ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ iwájú, nítorí náà tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, wéré ló máa yà, bó sì ṣe ń pa ọ̀tá náà ló ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Nínú ti 1988 àti 1989, ìyẹn version 3 àti 4, wọn ò fi ogun sídìí nọ́ńbà mọ́, mẹ́nù ni wọ́n gbé e sí, pẹ̀lú fífò tẹ̀ lé ẹlòmíì àti fífọ́n oògùn sí oko. Nígbà tí version 5 dé ní 1993, wọ́n yọ ogun kúrò, Camel ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, bí ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Ní 1998 ni Microsoft wá ṣe Combat Flight Simulator lọ́tọ̀. Ó dáa, ó rẹwà, mi ò bá a jà, àmọ́ lójú tèmi wọ́n ba nǹkan kan jẹ́. Adùn ti àtijọ́ ni pé bàálù tó ò tíì mọ bó o ṣe máa gbé e balẹ̀ ní Meigs náà lo gbé lọ sógun, tó o bá ṣẹ́gun tán, o ṣì máa padà wá balẹ̀ o, ibẹ̀ sì lèmi ti máa ń kú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kàwé ní London láàárín 1980 síwájú ní òun gbé Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba abẹ́ bírííjì, òun sì yìnbọn pa ẹ̀dá tó wá láti ayé mìíì lórí kọ̀ǹpútà iléèwé. Ẹmu ni àbí òótọ́? (Àbúrò, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta)

Èsì: Òótọ́ ni, ẹ fi ẹmu sílẹ̀. Aviator lorúkọ ẹ̀, Geoff Crammond ló ṣe é, Acornsoft gbé e jáde ní 1983 fún BBC Micro, kọ̀ǹpútà tó kún iléèwé wọn nígbà náà. Bírííjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, téèyàn bá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá wọ́n á fún un ní máàkì. Àwọn ẹ̀dá yẹn ń gbé inú oko ni, wọ́n á gbéra lọ bá ìlú kékeré kan jà, Acornsville, ẹ̀yin lẹ máa dá wọn lọ́nà. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n bàbá yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo rí dísìkì àtijọ́ rà ní Ọ̀tígbá, wọ́n kọ F-19 Stealth Fighter sí ọ̀kan. Mo fi DOSBox, ètò tó ń jẹ́ kí gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ṣí i, ó ṣí, ló bá ya bàálù kan, ó ní kí n sọ orúkọ ẹ̀. Mo mú èyí tó wù mí, ó ní kì í ṣe òun. Àrùn ti wọ̀ ọ́ ni àbí? (Bọ̀dá Ọ̀tígbá)

Èsì: Kì í ṣe àrùn, olè ni wọ́n fi ń mú. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ torí èmi náà ti dúró níbi tó o dúró sí yẹn.

MicroProse ló ṣe é, ní 1988. Ìwé tó bá a jáde nípọn, àwòrán oríṣiríṣi bàálù wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá rà á á ṣí ìwé, á wò ó, á yan orúkọ, ó tán. Ẹni tó jí i dà ò ní ìwé, nítorí náà kò ní mọ̀. A ṣáà ń jí i dà náà ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́, mi ò sì ní sọ pé ó dáa. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé ìwé gidi wálé lọ́dún Kérésì, ó ní òun ò ní jẹ́ kó jáde nílé òun, bí mo ṣe gbé ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé àti bírò nìyẹn, mo jókòó sí yàrá wọn ní Ìdúmọ̀tà láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń ya bàálù lọ́kọ̀ọ̀kan, imú ẹ̀, apá ẹ̀, ìrù ẹ̀, orúkọ ẹ̀. Àwọn MiG, bàálù ogun ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló dà mí láàmú jù, ìbejì ni gbogbo wọn lójú mi. Ìwé yẹn wá lókìkí ju ìwé àdúrà lọ, àwọn èèyàn wá yá a láti Mushin.

Tìẹ rọrùn, àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, wá a, kó o sì ka gbogbo ẹ̀ torí ohun tó wà nínú gẹ́ẹ̀mù yẹn ju orúkọ bàálù lọ. Kó o tó gbéra, wọ́n á ní kó o yan irú ogun: Cold War, Limited War tàbí Conventional War. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ogun gidi ni, yìnbọn bó o ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n Cold War, orílẹ̀-èdè méjì tí kì í kíra wọn àmọ́ tí wọn ò tíì na ara wọn ni, ṣe ni wọ́n rán ẹ lọ bí amí, tó o bá débẹ̀ tó o wá ń da ìbọn bolẹ̀, wọ́n á bá ẹ wí nígbà tó o bá padà. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kan láàárín ọ̀tá lo máa lọ balẹ̀ sí, kó o tún gbéra kí wọ́n tó mọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, wo ìwọ̀n kan níwájú ẹ tó ń sọ bí rédà ṣe ń rí ẹ tó. Tó o bá fò sókè jù, ó lọ sókè. Tó o bá ṣílẹ̀kùn ikùn bàálù láti ju bọ́ǹbù, ó tún fò sókè, torí ẹ̀ máa ṣí i, jù ú, tì í kíá. Àwọn ará Sùúrùlérè tá a jọ ń ta á máa ń gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, wọ́n á wá ní gẹ́ẹ̀mù ń ṣojúsàájú.

Ohun kan pani lẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe gẹ́ẹ̀mù bàálù tí rédà ò lè rí yìí láti 1987 fún kọ̀ǹpútà Commodore 64, kí Amẹ́ríkà tó jẹ́wọ́ pé òun ní irú ẹ̀. Oṣù kọkànlá 1988 ni wọ́n tó fi fọ́tò bàálù gidi hàn, ó jẹ́ F-117, gígún-gígún bí òkúta tí wọ́n fọ́, kò jọ ti inú gẹ́ẹ̀mù tó rí roboto rárá. Ni MicroProse bá tún un ṣe, wọ́n gbé F-117A jáde ní 1991. Àwọn méjì tó sì dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Sid Meier àti Bill Stealey, ìdí Red Baron, gẹ́ẹ̀mù bàálù tí wọ́n máa ń ju owó ẹyọ sí kó tó ṣiṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ní Las Vegas, 1982. Stealey ti wa bàálù ológun rí o, Meier tó jẹ́ akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà lásán fi ẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun ti wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ronú ni, àti pé òun lè ṣe èyí tó dáa jù ú lọ.

Ìbéèrè: Ṣé nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ méjì lè fi kọ̀ǹpútà méjì bá ara wọn jà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? (Jagunjagun Alábà)

Èsì: Wọ́n lè bára wọn jà dáadáa. Flight Simulator II tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà Amiga àti Atari ST ní 1986 ti gba èèyàn méjì, wọ́n á so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ pẹ̀lú wáyà tàbí módẹ̀mù, àmọ́ Falcon, gẹ́ẹ̀mù bàálù ogun F-16 tí Spectrum HoloByte ṣe ní 1987, ìyẹn lohun táwa fi jà.

Wáyà yẹn ló pa mí lára. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ní ẹnu kan, àwọn kan ní eyín 25, àwọn kan ní 9. Eyín kan ń sọ̀rọ̀, eyín kan ń gbọ́, ẹ gbọ́dọ̀ so ẹnu ẹnì kìíní mọ́ etí ẹnì kejì. Gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé eyín 2 lẹ máa so mọ́ 3, kẹ́ ẹ wá so 3 mọ́ 2. Mo gbé e fún oníṣẹ́ kan, ó fi iná jó o dáadáa, ó gba owó ẹ̀, a gbé e délé, bàálù méjèèjì gbéra, kálukú wà lójú ọ̀run tiẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì. Odindi Sátidé. A tú u, a tún un so, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Alẹ́ ni ojú mi tó là: tèmi eyín 25 ni, ti ọ̀rẹ́ mi eyín 9, bẹ́ẹ̀ lára eyín 25, 2 ló ń sọ̀rọ̀, lára eyín 9, 3 ló ń sọ̀rọ̀! Wọ́n ti yàtọ̀ síra wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà 2 sí 2, 3 sí 3 ló yẹ, kí 7 tó wà lára 25 wá lọ bá 5 tó wà lára 9. Ìgbà tá a yí i bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan ò pé tó fi já mi lulẹ̀.

Falcon 3.0 ti 1991 tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí F-16 fò bíi ti gidi gan-an, ẹ gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù ìṣirò lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Èmi ò ní in. Chuck Yeager's Air Combat lèmi sá lọ bá, ọdún kan náà ló jáde, níbẹ̀ lẹ ti lè fọwọ́ ara yín ṣètò ìjà, kẹ́ ẹ gbé P-51 ti Ogun Àgbáyé Kejì, kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí MiG-21 tó ń fi jẹ́ẹ̀tì sáré. Ẹ máa kú, ṣùgbọ́n ẹ máa gbádùn ẹ̀.

Ìbéèrè: Sà, ọkọ mi ní bàálù kan wà nínú Excel. Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ó láwọn fi ń ṣeré ní báńkì tóun ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. (Ìyá Ìbejì, Ọ̀gùdù)

Èsì: Ẹ má bínú sí i, mà, òótọ́ ló sọ. Èyí gan-an ni wọ́n fi pamọ́ tòótọ́, kò sí nínú ìwé kankan, àwọn tó ṣe Excel 97 ló fi í síbẹ̀. Ẹyin ọdún Àjíǹde ni òyìnbó ń pe irú ẹ̀, torí àwọn ọmọ wọn máa ń wá ẹyin tí wọ́n fi pamọ́ nínú koríko.

Ẹ ṣí ìwé tuntun nínú Excel 97, ẹ tẹ F5, ẹ kọ X97:L97, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá di Ctrl àti Shift mú pọ̀, kẹ́ ẹ fi máósì tẹ àwòrán Chart Wizard lókè. Excel á pòórá, òkè á yọ, ẹ̀yin lẹ ń fò yẹn. Máósì lẹ máa fi darí ẹ̀, bọ́tìnì òsì á gbé yín síwájú, ti ọ̀tún á fà yín sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá wá a kiri ẹ máa rí òkúta kan tí orúkọ àwọn tó ṣe Excel ń gòkè lójú ẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀. Excel 97 nìkan ló ní i o, ẹ má lọ ba ti orí láptọ́ọ̀pù yín jẹ́. Microsoft ti fòpin sírú eré bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n ní ẹni tó ra nǹkan gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, ó sì yé mi, ta ló fẹ́ kí báńkì tó gbówó òun pamọ́ máa lo nǹkan tí bàálù sá pamọ́ sí.

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù kékeré ni mo ní, mi ò lówó gẹ́ẹ̀mù. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè fò lórí Èkó? (Ọmọ Akọka)

Èsì: Ọ̀fẹ́ ni. Gba Google Earth, ètò tó ń fi àwòrán ilẹ̀ ayé hàn láti òkè, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti fóònù. Ní 2007 ni wọ́n ki bàálù bọ inú ẹ̀ láìpariwo, ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ Ctrl, Alt àti A pa pọ̀ ló ń rí i, nígbà tí gbogbo ayé ti wá mọ̀, wọ́n gbé e sí mẹ́nù Tools. Méjì ló wà níbẹ̀, F-16 àti SR22 tó jẹ́ bàálù kékeré. Mú SR22, F-16 á ti gbé ẹ dé Kútọnu kó o tó mọ ibi tó o wà. Page Up ló ń fi iná sí i, àwọn ọfà kíbọ́ọ̀dù ló ń darí ẹ̀, rọra tẹ̀ wọ́n.

Gbéra ní Ìkẹjà, kọjú sí gúúsù, kó o yà sọ́wọ́ òsì títí o fi máa rí ọ̀sà. Third Mainland ò lè sọnù mọ́ ẹ lójú, tẹ̀ lé e láti Òwòròǹṣòkí, yunifásítì yín á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Mákòkó á tẹ̀ lé e, omi nìkan ló wà lósì. Kò ní sí gósíló, kò sí agbèrò. Tó o bá já lulẹ̀, á bi ẹ́ bóyá kó o máa bá ìrìn lọ àbí kó o jáde, ní kó máa lọ. Mo ti tẹ W níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá ọ̀tá á yọ, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Tó o bá dé Adéníji, yà sọ́wọ́ ọ̀tún, Broad Street wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, bá mi wò ó bóyá òrùlé ọ́fíìsì tí fáìlì owó oṣù ti jábọ́ ṣì wà, torí èmi, ojú ò jẹ́ kí n rí i dáadáa mọ́.